Ẹ̀dà Tí Wọ́n Ṣe ní Suleja: Àkọsílẹ̀ Àdéhùn Wa Pẹ̀lú Ilé Iṣẹ́ Linux Kan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní 2024, lẹ́tà kan wọlé sí ọ́fíìsì wa ní Wuse II, ní Àbújá, láti ọ̀dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ kan tí a jọ ń tajà, tí ó ń ta Linux, sọ́fútíwíà ìpìlẹ̀ tí ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wa, ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni ti Alhaja kan ní Suleja, ti ṣe ẹ̀dà àpótí tí a tà fún un, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré fún ilé ìkàwé, ó sì ti fi ẹ̀dà náà ta ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́rẹ láìgba àṣẹ. Ó ní kí a gba owó ìtanràn lọ́wọ́ oníbàárà náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí a kò bá rí i gbà kí àwa fúnra wa san án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àdéhùn tí ó wà láàárín wa yóò dópin. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ awò ojú wọn sórí tábìlì, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé olè ni Alhaja jà yìí?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá kí a tó mọ ohun tí a ó sọ, nígbà tí a sì mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ wa ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà wà.

Mo kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nítorí pé mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti Kubwa dé Lugbe tí wọ́n ń to sọ́fútíwíà tí kóòdù rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn jọ, tí wọ́n ń dì í bí ẹrù, tí wọ́n sì ń tà á fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé ìtajà. Òwò tí ó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni kò tíì jókòó ka ìwé tí ó bá ọjà náà wá, èmi náà sì wà lára wọn nígbà náà. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ Linux náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, nítorí pé bí ọmọ ìyá ni a ṣe parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí à ń tà ni a ń pè ní àpótí ìkàwé. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, kò tóbi ju Kùránì onílẹ́tà gàdàgbà lọ, iná tí ó ń jẹ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí inverter ilé ẹ̀kọ́ lè gbé e di alẹ́ bí wọ́n bá mú iná lọ. Linux wà nínú rẹ̀, Koha sì wà lórí Linux náà. Koha ni sọ́fútíwíà tí ilé ìkàwé fi ń mọ ìwé tí ó ní, ẹni tí ó yá a, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí ó dá a padà. New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́ ní 1999 fún àwọn ilé ìkàwé Horowhenua, nígbà tí ètò àtijọ́ tí wọ́n ń lò kò ní lè la ìyípadà ọdún 2000 já, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2000. Inú èdè Màórì ni orúkọ náà ti wá, ẹ̀bùn ni ó túmọ̀ sí. Àwọn tí ó kọ ọ́ fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lábẹ́ láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò, tí a mọ̀ sí GPL, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì ní Nàìjíríà ni ó sì ń lò ó lónìí láìsan kọ́bọ̀ lórí ẹ̀dà rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kí ló dé tí a fi wá ilé iṣẹ́ Linux mọ́ra? Ìbéèrè tí àwọn onílé ẹ̀kọ́ ń bi wá ni ó fà á. A lè fi Debian, irú Linux kan tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, ṣe àpótí náà, iṣẹ́ tí yóò ṣe kò sì ní yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀yin méjì péré lẹ wà ní Wuse. Bí ẹ bá kó kúrò, ta ni a ó pè?" Wọ́n fẹ́ rí lẹ́tà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, pé àtúnṣe ààbò yóò máa wọlé fún iye ọdún báyìí, àti pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnìkan wà tí ó gbọ́dọ̀ gbé fóònù. N kò dá wọn lẹ́bi. Orí ìbéèrè yìí kan náà ni òwò Linux dúró lé láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, gbé Linux jáde ní 1991. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni SUSE, ilé iṣẹ́ tí ń ta Linux, bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì. Red Hat bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1993. Dísìkì inú páálí ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 2002 ni Red Hat ti yí ọwọ́ òwò rẹ̀ padà sí owó ọdọọdún tí oníbàárà ń san fún àtúnṣe àti ìrànlọ́wọ́, ọ̀nà yìí ni ó sì gbé e dé ibi tí IBM ti fi bílíọ̀nù 34 dọ́là rà á ní 2019. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá Canonical sílẹ̀ ní 2004, ó ń fi Ubuntu, Linux tirẹ̀, tọrẹ, ó sì ń ta ìtọ́jú rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kóòdù kọ́ ni ọjà. Mo mọ èyí lórí kí n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn wa, ṣùgbọ́n n kò fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé náà.

Àdéhùn náà rọrùn lójú. Fún àpótí kọ̀ọ̀kan, oníbàárà yóò san owó ọdọọdún fún Linux ilé iṣẹ́ náà, àwa yóò mú ìdá kan nínú márùn-ún, àwa ni yóò to Koha lé e lórí, àwa ni yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, àmì òwò wọn yóò sì wà lára àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Dọ́là ni wọ́n fi dá iye owó náà. A fọwọ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì. Nígbà tí ìjọba tú okùn náírà ní oṣù Òkúdù, ó kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Láti ọjọ́ náà, owó nìkan ni ojú wa ń wò nínú ìwé náà.

Ohun kan wà tí a ṣe dáadáa, ó sì wúlò fún wa lẹ́yìn ọ̀la. Báńkì wa kò gbà láti fi dọ́là ránṣẹ́ sí òkè òkun láìrí ìwé ẹ̀rí NOTAP, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣàkọsílẹ̀ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó bá ti òkè òkun wọlé. Òfin rẹ̀ ní kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dé iwájú wọn láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó sì ka àwọn ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni kí àdéhùn máa fipá mú ọmọ Nàìjíríà lọ jẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ òkè òkun lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé níbí. Ìwé tí ilé iṣẹ́ Linux náà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú. Nígbà tí a fi abala òfin náà hàn wọ́n, wọ́n yọ ọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá mọ̀ pé ìwé tí a tẹ̀ dáadáa, tí ó ní àmì ilé iṣẹ́ ńlá lórí, ṣeé tún kọ. Ṣùgbọ́n n kò tún wá nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ mọ́. Abala kẹsàn-án jókòó síbẹ̀, ó ń wò wá, ohun tí ó sì sọ ni pé oníbàárà kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà ohunkóhun tí ó wà nínú àpótí náà, kò gbọdọ̀ yí i padà, kò sì gbọdọ̀ fi í fún ẹlòmíràn. A tẹ abala yìí sí ìwé tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń fọwọ́ sí.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn tí lẹ́tà náà dé, èmi àti Ẹ̀gbọ́n wa ọkọ̀ lọ sí Suleja. Ọ̀nà Kubwa ni a gbà kọjá Zuba, àpáta Zuma sì wà lọ́ọ̀ọ́kán níwájú wa nínú ọyẹ́. Alhaja tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n kí wa kú ìrìn, wọ́n ní kí wọ́n gbé fùrá wá fún wa, wọn kò sì jẹ́ kí a ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilé ìkàwé ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ. Ọmọbìnrin kan tí ó wọ híjáàbù funfun jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ẹ̀rọ tí ń ka àmì onílà tọ́ ẹ̀yìn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dún píì, orúkọ ìwé sì ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ara ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́, wọ́n sì fi téèpù tí ó mọ́ gaara bò ó kí eruku má bàa pa àmì náà rẹ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú mú mi, nítorí mo rántí ohun tí a bá wá.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn, Ẹ̀gbọ́n ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Alhaja kò jiyàn. Wọ́n ní òótọ́ ni, olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn fi Clonezilla da gbogbo dísìkì àpótí náà kọ sórí dísìkì mìíràn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àbúrò wọn obìnrin ní Minna, nítorí àbúrò náà kò lówó tí ó lè fi ra tirẹ̀ ní ọdún náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí fáìlì aláwọ̀ ewé kan, wọ́n yọ ìwé méjì jáde, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni ìwé ìpolówó tí èmi fúnra mi kọ, tí ó sọ pé ọ̀fẹ́ ni Koha, pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá gbà á lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú. Èkejì ni ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, tí ó ní abala kẹsàn-án nínú. Alhaja fi ìka kan sórí èyí, wọ́n fi ìka kejì sórí ìyẹn. "Ẹ̀yin náà lẹ kó méjèèjì wá fún mi," ni wọ́n wí. "Èwo nínú wọn ni kí n gbàgbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo ní kí Alhaja fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé àpótí kan sórí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn fáìlì tí wọ́n máa ń pè ní COPYING tàbí LICENSE, èyí tí ó ń sọ ohun tí ẹni tí sọ́fútíwíà bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè fi ṣe. Mo ti rí àwọn orúkọ fáìlì wọ̀nyí láìmọye ìgbà láìṣí wọn. Bí mo ṣe ń kà ni àpótí náà ń pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú mi, bí ẹran tí alápatà mọ oríkèé rẹ̀.

Koha fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà kẹta, tí ó jáde ní 2007. Linux gan-an, èyí tí gbogbo rẹ̀ dúró lé, wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà kejì ti 1991, bẹ́ẹ̀ náà ni MariaDB tí ó ń tọ́jú orúkọ àwọn ìwé àti àwọn tí ó yá wọn. Apache tí ó ń gbé ojú ewé Koha jáde ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, tí ó gbọ̀jẹ̀gẹ́ ju GPL lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí a má ṣe ẹ̀dà. Èyí tí ó wà lábẹ́ GPL tilẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá gbé e fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi òfin tuntun kankan lé e lórí tí yóò dín ẹ̀tọ́ onítọ̀hún kù. Mo ka gbólóhùn náà, mo sì rí abala kẹsàn-án níwájú mi. Àwa ni a gbé Koha fún Alhaja. Nígbà tí a ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, àwa ni a tẹ láísẹ́ǹsì Koha lójú, kì í ṣe Alhaja. Èyí tí ó tún burú ni pé GPL ní kí kóòdù bá sọ́fútíwíà rìn, tàbí kí ìwé ìlérí bá a rìn pé ẹni tí ó bá bèèrè kóòdù náà láàárín ọdún mẹ́ta ó kéré tán yóò rí i gbà. Àpótí mẹ́sàn-án ni a ti tà, kò sì sí èyí tí ó ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n aṣojú náà kò parọ́ pátápátá. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ kan wà, ọ̀rọ̀ gígùn kan tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣí ilẹ̀kùn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín, ti ilé iṣẹ́ Linux náà láti lọ mú àtúnṣe tuntun. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe kóòdù. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jókòó ní òru láti tún àléébù ààbò ṣe ni ó ń ṣí, owó iṣẹ́ yìí sì ni oníbàárà ń san lọ́dọọdún. Nígbà tí olùkọ́ Suleja da dísìkì kọ, ó da kọ́kọ́rọ́ náà kọ mọ́ ọn, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tí Linux ń fi pamọ́ sínú fáìlì kan tí ó ń jẹ́ machine-id. Bí sáfà wọn ṣe mọ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń kan ilẹ̀kùn láti Suleja àti láti Minna lọ́jọ́ kan náà. Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ Minna ti fi ń gba àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Gbèsè gidi ni èyí, bí kò tilẹ̀ tóbi. Àmì òwò wọn tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà náà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí GPL kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí orúkọ àti àmì ẹlòmíràn. Nítorí ìdí èyí ni àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ CentOS ní 2004, Linux tí wọ́n fi kóòdù Red Hat ṣe nígbà náà, fi kọ́kọ́ yọ orúkọ àti àwòrán Red Hat kúrò kí wọ́n tó tún kóòdù náà gbé jáde.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ó kẹ́yìn. Mo ti kọ ètò kékeré kan tí ó ń tẹ bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, oṣù méjì ni mo fi kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ sórí fáìlì náà pé tiwa nìkan ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ. Ṣùgbọ́n inú Koha ni ètò náà ń gbé, àwọn apá Koha ni ó ń pè láti ṣiṣẹ́, kò lè dá dúró láìsí i. Bí mo ṣe gbé e fún ènìyàn pẹ̀lú Koha, abẹ́ GPL ni ó yẹ kí ó wà. Mo gbìyànjú láti wá ọ̀nà àbáyọ títí di aago méjì òru, n kò rí i, mo sì pa gbólóhùn náà rẹ́.

Agbẹjọ́rò kan ní Garki, tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wa. Ó ní Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, nítorí náà láísẹ́ǹsì nìkan ni ó fún wa ní àṣẹ láti gbé Koha fún ẹnikẹ́ni rárá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójú, àṣẹ náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó ní GPL ẹ̀dà kẹta ní àánú díẹ̀ nínú: ẹni tí ó bá jáwọ́ nínú àṣìṣe rẹ̀ yóò rí àṣẹ rẹ̀ gbà padà, bí àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà kò bá fi ọgọ́ta ọjọ́ pè é sí i, yóò di tirẹ̀ pátápátá. "Ẹ jáwọ́ lónìí," ni ó wí. "Ẹ má dúró de ìparí àdéhùn." Ẹ̀gbọ́n wá bi í ní ohun tí ó ti ń jẹ wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: bí ènìyàn bá lè ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo, kí ni àwa ń tà? Agbẹjọ́rò náà ṣí GPL sí abala kẹrin, ó sì ní kí wọ́n kà á fúnra wọn. Ibẹ̀ ni ó wà pé a lè gba iye tí ó bá wù wá lórí ẹ̀dà tí a bá gbé fún ènìyàn, tàbí kí a má gba nǹkan kan, a sì lè gba owó lórí ìrànlọ́wọ́ àti ìdánilójú. Richard Stallman, tí ó kéde iṣẹ́ GNU, ìgbìyànjú láti kọ sọ́fútíwíà tí gbogbo ènìyàn lè lò kí wọ́n sì pín, ní 1983, tí ó sì kọ GPL, kò fìgbà kan sọ pé títa rẹ̀ burú. Ohun tí ó kọ̀ ni kí a ta á tán kí a tún di olùrà lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, a pe aṣojú náà lórí fóònù. Ọmọ Yorùbá ni òun náà, Èkó ni ó ń gbé, ó sì kọ́kọ́ bínú nítorí ó rò pé à ń gbèjà olè. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní a gbà pé Minna jẹ owó àtúnṣe oṣù mẹ́rin, àwa yóò sì san án nínú ìdá tiwa, nítorí pé ìwé ìpolówó wa ni ó ṣi Alhaja lọ́nà. Wọ́n ní a ó yọ kọ́kọ́rọ́ àti àmì òwò wọn kúrò lára ẹ̀rọ Minna láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n a kò ní gba owó ìtanràn kankan lórí ẹ̀dà Koha, Linux tàbí MariaDB, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, ilé iṣẹ́ náà pàápàá kò sì ní in. Lẹ́yìn náà ni mo ka gbólóhùn GPL sí aṣojú náà létí, mo sì ka abala kẹsàn-án tẹ̀lé e. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun yóò bá àwọn agbẹjọ́rò wọn sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàlá ni èsì dé, ó sì yà wá lẹ́nu. Ìwé tí ilé iṣẹ́ náà ń lò nílẹ̀ wọn ti ní gbólóhùn kan tẹ́lẹ̀ tí ó sọ pé kò sí ohun kan nínú àdéhùn náà tí ó gba ẹ̀tọ́ tí láísẹ́ǹsì sọ́fútíwíà kọ̀ọ̀kan ti fún oníbàárà. Ẹni tí ó gé ìwé náà kúrú fún ọjà ilẹ̀ wa ni ó yọ ọ́, bóyá kí ojú ewé lè dín kù. Wọ́n dá gbólóhùn náà padà, wọ́n tún abala kẹsàn-án kọ kí ó má sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn ju kọ́kọ́rọ́ àtúnṣe àti àmì òwò lọ, wọ́n sì fagi lé owó ìtanràn. Mo gbà pé àwọn ènìyàn rere ni wọ́n. Bí a bá ti san owó náà ní ọjọ́ kìíní láti pa ẹnu mọ́, bí mo ti fẹ́ ṣe, abala náà ì bá wà níbẹ̀ di òní.

A lọ sí Minna ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Àbúrò Alhaja ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé a wá gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ. A ṣàlàyé ọ̀nà méjì fún wọn: kí wọ́n máa san owó ọdọọdún ní dọ́là bíi ti ẹ̀gbọ́n wọn, tàbí kí a gbé Koha wọn sórí Debian, kí wọ́n máa san owó ìtọ́jú fún wa ní náírà. Wọ́n mú èkejì. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. A fi koha-dump kó gbogbo àkójọ ìwé àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, a da fáìlì náà kọ sórí fílááṣì, a nu dísìkì náà, a to Debian lé e, a sì fi koha-restore dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi ha àmì òwò ilé iṣẹ́ Linux náà kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà, nítorí olùkọ́ Suleja ti da ìyẹn náà kọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní àwọ̀ mẹ́rin.

Láti ìgbà náà, bébà iye owó wa ti yàtọ̀. Owó àpótí dá dúró, owó ọdọọdún ilé iṣẹ́ Linux dá dúró fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, owó ìtọ́jú àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwa dá dúró. Níwájú Koha, òdo ni a kọ. Ẹ̀rù ba Ẹ̀gbọ́n pé àwọn oníbàárà yóò rí òdo náà, wọn yóò sì lọ ṣe é fúnra wọn. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé kí a wá bá wọn tọ́jú rẹ̀. Nínú páálí àpótí kọ̀ọ̀kan ni fílááṣì kan wà nísinsìnyí tí kóòdù gbogbo ohun tí a tò sínú rẹ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ètò tí mo kọ fún bébà ẹ̀yìn ìwé. A sì ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n rà ṣáájú.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, olùkọ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ Minna fi í-meèlì kan ránṣẹ́ sí mi. Ètò mi kò lè tẹ àwọn lẹ́tà Hausa tí ó ní ìkọ́, ɓ, ɗ àti ƙ, àpótí òfìfo ni ó ń tẹ̀ dípò wọn, ó sì ń pàdánù àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. N kò kíyè sí i rí, nítorí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dán an wò. Ó ti wá ibi tí àléébù náà wà nínú kóòdù, ó ti tún un ṣe, ó sì so fáìlì náà mọ́ ìwé rẹ̀. Ìlà mọ́kànlá ni. Àpótí tí a gbé lọ sí Gwagwalada ní oṣù náà ni ó kọ́kọ́ gbé àtúnṣe náà dání, orúkọ olùkọ́ náà sì wà lórí fáìlì, lábẹ́ tèmi.